Bẹ́ẹ̀rẹ̀ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti: Àáró Lísàbí Dé Ọwọ́ Àwọn Obìnrin Ẹ̀gbá

Kò sí ọmọ Ẹ̀gbá tí kò gbọ́ ìtàn Lísàbí rí. Kí àwọn Ẹ̀gbá tó tẹ Abẹ́òkúta dó ní ọdún 1830, nígbà tí wọ́n ṣì wà nínú igbó Ẹ̀gbá àtijọ́, abẹ́ Ọ̀yọ́ ni wọ́n wà. Àwọn ìlàrí tí Aláàfin fi sí ìlú kọ̀ọ̀kan a máa gba ìṣákọ́lẹ̀, wọn a sì máa fi ìwọ̀sí lọ onílé àti àlejò. Ìtàn sọ pé Lísàbí kò kọ́kọ́ pe ẹnikẹ́ni sí ogun. Ẹgbẹ́ àáró ni ó dá sílẹ̀. Bí wọ́n bá ro oko ẹnìkan lónìí, wọn a ro ti ẹlòmíràn lọ́la, títí gbogbo wọn fi mọ ara wọn bí ẹní mowó, tí ọ̀rọ̀ ẹnìkan sì di ọ̀rọ̀ gbogbo wọn. Ẹgbẹ́ aroko yìí kan náà ni ó dìde nígbà tí àkókò tó, tí ó sì bọ́ àjàgà ìlàrí kúrò lọ́rùn Ẹ̀gbá.

Ó lé ní àádọ́jọ ọdún lẹ́yìn náà kí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ tó tún dìde láàrin wọn. Obìnrin ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí: aláró àti aládìrẹ, oníṣòwò ìrẹsì, alágbàtà, aránṣọ àti olùkọ́. Olórí wọn ni Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, olùkọ́ àti aya àlùfáà, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń pè ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, èyí tí í ṣe orúkọ àpọ́nlé fún àkọ́bí obìnrin. Ìwé ìròyìn sọ ọ́ ní Abo Kìnnìún Lísàbí. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo ìgbésí ayé rẹ̀ yóò rí i pé oríkì náà kọjá ti ìgboyà nìkan. Ọ̀nà tí Lísàbí tọ̀ ni òun náà tọ̀: iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ni ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe, ìjà ni ó kẹ́yìn.

ỌMỌ ÌRAN SÀRÓ

Ọjọ́ 25, oṣù kẹwàá, ọdún 1900 ni a bí i ní Abẹ́òkúta. Daniel Thomas ni orúkọ bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ àti oníṣòwò epo. Lucretia ni ìyá rẹ̀, iṣẹ́ aṣọ rírán ni ó ń ṣe. Ìran Sàró ni wọ́n. Sarah Táíwò, ìyá ńlá kan nínú ìran bàbá rẹ̀, wà lára àwọn tí ogun kó lẹ́rú, tí wọ́n dé ilẹ̀ Sàró, tí wọ́n sì padà wá sí Abẹ́òkúta láti wá àwọn ènìyàn wọn. Ilé irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ kì í gbàgbé ohun tí òmìnira jẹ́, nítorí ẹni tí ó ti jìn sí kòtò rí ni ó mọ bí ilẹ̀ gbígbẹ ti dára tó.

Frances Abigail ni orúkọ tí a sọ ọ́ níbi ìsàmì. Ní ọdún 1914, nígbà tí Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà Abẹ́òkúta kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn fún ọmọbìnrin, ó wà lára àwọn mẹ́fà àkọ́kọ́ tí ó wọlé. Ní ọdún 1919 ó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kàwé ní Wincham Hall, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní agbègbè Cheshire. Nígbà tí ó padà dé ní ọdún 1922, Frances kò bá a bọ̀. Ó ti pa orúkọ òyìnbó tì, Olúfúnmiláyọ̀ ni ó kù. Ó padà sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti jáde, ó sì di olùkọ́ níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 20, oṣù kìíní, ọdún 1925, ó fẹ́ Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, ẹni tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Gírámà Abẹ́òkúta nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní ọdún 1908. Ìjẹ̀bú-Òde ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ nígbà náà. Ní ọdún 1931 ó wà lára àwọn tí ó dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà sílẹ̀, òun sì ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Ní ọdún 1932 tọkọtaya náà padà sí Abẹ́òkúta, nítorí a ti fi ọkọ ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ti kàwé. Ọmọ mẹ́rin ni Olúwa fún wọn: Dọ̀lápọ̀, Olíkóyè, Fẹlá àti Bẹ́kọ̀lárí. Kò sí ẹni tí ó lè pe ìgbéyàwó náà ní ibi tí obìnrin ti ń dákẹ́. Ohun tí ọkọ ń ṣe láàrin àwọn olùkọ́, bí a ti ń kó ẹni tí ó fọ́n ká jọ tí wọn yóò fi ní ohùn kan, ojú aya rẹ̀ ni ó ṣe é, ó sì kọ́ ọ.

BÍ OBÌNRIN TI WÀ LÁYÉ ÀTIJỌ́

Kí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀ tó lè yé ni, ó yẹ kí a rántí ipò tí obìnrin wà nínú àṣà Ẹ̀gbá kí òyìnbó tó gba ìjọba. Obìnrin ni ó ni ọjà. Ohun tí ó bá rí níbẹ̀, tirẹ̀ ni, kì í ṣe ti ọkọ rẹ̀. Ìyálóde sì ni ẹnu wọn láàrin àwọn olóyè. Ẹfúnróyè Tinúubú, tí a fi jẹ Ìyálóde Ẹ̀gbá ní ọdún 1864, kì í ṣe olóyè ẹnu lásán. Nígbà tí àwọn ará Dàhọ̀mì dojú ogun kọ ìlú, òun ni ó ń pèsè ohun ìjà àti oúnjẹ fún àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá. Ní ọdún 1887 ni ó dolóògbé, a kò sì tíì gbàgbé rẹ̀.

Ìgbà òyìnbó ni nǹkan yí padà. Títí di ọdún 1914, àwọn Ẹ̀gbá ní ìjọba tiwọn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti bá ṣe àdéhùn. Ní ọdún yẹn ni òmìnira náà parí, tí Abẹ́òkúta sì di ara Nàìjíríà. Ìjọba fi gbogbo àṣẹ ìlú sí ọwọ́ Aláké nìkan, ó ń ṣe àkóso lábẹ́ ojú ajẹ́lẹ̀ òyìnbó. Àwọn Ògbóni, àwọn Ológun àti àwọn Pàràkòyí tí wọ́n ti ń bá ọba pín àṣẹ tẹ́lẹ̀ di òǹwòran. Ìyálóde kò sì ní àga nínú ìgbìmọ̀ tuntun rárá. Bí a ti pa ohùn obìnrin mọ́ ọn lẹ́nu nìyẹn, láìsí ẹni tí ó kéde rẹ̀.

Ọdún 1918 ni a gbé owó orí dé. Inú bí ìlú, ogun Adúbí sì bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún náà. Àwọn ènìyàn hú irin ojú ọ̀nà rélùweè, ìjọba kó sójà wá, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì ṣòfò. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, owó orí ṣì dúró síbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá mìíràn, a kò gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin. Ní Abẹ́òkúta, ọmọbìnrin tí ó bá ti pé ọdún 15 ti di asanwó-orí, nígbà tí ọmọkùnrin ń dúró di ọdún 16. Obìnrin tí ó wà nílé ọkọ ń san tirẹ̀ lọ́tọ̀, iye kan náà ni ọlọ́rọ̀ àti tálákà ń san, kò sì sí obìnrin kankan níbi tí a ti ń pinnu ohun tí a ó fi owó náà ṣe.

Owó nìkan kọ́ ni ó ń dùn wọ́n. Àwọn akódà a máa lé obìnrin kiri inú ọjà, wọn a máa wọ inú ilé lọ bá wọn. Ó wà lára ẹ̀sùn tí ẹgbẹ́ kà sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé a tilẹ̀ ń tú aṣọ lára ọmọbìnrin láti mọ̀ bóyá ó ti dàgbà tó ẹni tí í san owó orí. Yorùbá tí ó mọ ohun tí ìtìjú jẹ́ yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti owó. Ìlàrí ti padà dé, aṣọ mìíràn ni ó wọ̀.

OBÌNRIN TÍ Ó FẸ́ MỌ ÌWÉ KÀ

Nígbà tí Fúnmiláyọ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ń pàdé, ìjà kò sí lọ́kàn wọn. Ẹgbẹ́ Àwọn Lédì Abẹ́òkúta ni a ń pe tiwọn. Onígbàgbọ́ ni wọ́n, aya àlùfáà, aya olùkọ́, obìnrin tí ó kàwé. Wọ́n ń kọ́ ara wọn ní iṣẹ́ ọwọ́, ìtọ́jú ilé àti ọmọ títọ́. Ohun rere ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn tí ó ti jẹun yó ni. Ẹni tí ń ta epo ní Ìtòkú kò mọ̀ ọ́n, kò sì kàn án.

Ọdún 1944 ni ilẹ̀kùn náà ṣí. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ Fúnmiláyọ̀ mú obìnrin ọlọ́jà kan wá bá a, ohun tí obìnrin náà ń fẹ́ kò ju kí a kọ́ òun ní ìwé kíkà lọ. Ìbéèrè kékeré ni, àmọ́ òun ni ó yí ẹgbẹ́ náà po. Àwọn lédì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọlọ́jà ní ìwé. Bí àwọn kan ti ń kọ́ a-b-d, ni wọ́n ń sọ ohun tí ojú wọn ń rí lọ́jà. Olùkọ́ tí ó rò pé òun ń kọ́ni wá rí i pé òun náà wà ní kíláàsì. Fúnmiláyọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ owó orí, ó gbọ́ ti akódà, ó sì gbọ́ ti ìrẹsì.

Ọ̀rọ̀ ìrẹsì ni ẹgbẹ́ kọ́kọ́ fi ọwọ́ kàn. Ogun Hitler ń jà lọ́wọ́, ìjọba sì ń wá oúnjẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ a máa dá obìnrin dúró, wọn a gba ìrẹsì rẹ̀, wọn kò ní san owó tí ó tọ́, nígbà mìíràn wọn kò ní san kọ́bọ̀. Ẹgbẹ́ lọ bá àwọn aláṣẹ, wọn kò dáhùn. Ní ọdún 1945 wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn, kò sì pẹ́ tí ìjọba fi dá ìgbẹ́sẹ̀lé ìrẹsì dúró. Ọjọ́ náà ni obìnrin ọlọ́jà mọ̀ pé ìwé tí àwọn lédì mọ̀ lè wúlò fún òun. Àwọn lédì náà mọ̀ pé ẹnu àwọn nìkan kò tó láìsí ẹsẹ̀ ọlọ́jà lẹ́yìn wọn.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe pa orúkọ dà ní ọdún 1946. Ẹgbẹ́ Àwọn Lédì di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta. Ilẹ̀kùn ṣí fún onísìn gbogbo, fún ẹni tí ó mọ̀wé àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn tí ó san owó ẹgbẹ́ tó 20,000, àwọn alátìlẹ́yìn wọn sì pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lára àwọn olùkọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni Grace Ẹniọlá Ṣóyínká, ìyá Wọlé Ṣóyínká. Ọmọ náà, tí ó ń sáré jíṣẹ́ fún àwọn ìyá nígbà náà, kọ nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà nínú ìwé rẹ̀ Aké, tí ó jáde ní ọdún 1981.

Ìyípadà orúkọ náà kò mọ sí orí ìwé. Láti ìgbà náà ni Fúnmiláyọ̀ ti pa káúnù òyìnbó tì, ìró àti bùbá pẹ̀lú gèlè ni ó ń wọ̀ jáde. Níbikíbi tí ó bá ti ń sọ̀rọ̀ láàrin ìlú, Yorùbá ni ó ń sọ. Bí ajẹ́lẹ̀ bá wà níbẹ̀, kí ó wá ògbufọ̀. Ìyá ọlọ́jà tí ó jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá ń gbọ́ ohun gbogbo tí a ń sọ nípa rẹ̀, òyìnbó ni ó ń dúró de ìtumọ̀. Ẹni tí ó bá mọ bí ayé ti rí nígbà náà yóò mọ̀ pé èyí nìkan tó láti gbé orí ẹni tí a ti rẹ̀ sílẹ̀ sókè.

IṢẸ́ ÀÁRÓ NÁÀ

Àwọn tí ó ń sọ ìtàn ẹgbẹ́ yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n yí Ààfin po. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí kò ní ariwo ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kíláàsì àgbà fún ìwé kíkà àti kíkọ kò dúró. Ẹgbẹ́ dá ilé iṣẹ́ aṣọ híhun sílẹ̀, kí àwọn obìnrin lè fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn rówó papọ̀. Wọ́n ní ilé ìtọ́jú aboyún àti ọmọ wẹ́wẹ́. Bí a bá mú ọmọ ẹgbẹ́ kan nítorí owó orí, ẹgbẹ́ ni yóò wá lọ́yà fún un, kì í ṣe ọkọ tàbí ẹbí rẹ̀ nìkan.

Àáró ni gbogbo èyí. Ẹni tí a bá jókòó tì nígbà tí ó ń rọbí, tí a kọ́ ní bí yóò ti kọ orúkọ ara rẹ̀, tí a sì dúró fún ní kóòtù, kò sí ẹni tí yóò tún máa bẹ̀ ẹ́ kí ó jáde lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ bá pè. Gbèsè ọ̀wọ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, inú dídùn ni yóò sì fi san án. Èyí ni ohun tí àwọn aláṣẹ kò rí. Wọ́n rò pé obìnrin kan tí ó ti ìlú òyìnbó dé ni ó ń ru àwọn aláìmọ̀wé sókè. Wọn kò mọ̀ pé wọ́n ti ń ro oko ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́.

ÌYÍKÁ ÀÀFIN

Ọ̀nà òfin ni wọ́n kọ́kọ́ tọ̀. Wọ́n kọ̀wé sí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, tí ó ti wà lórí oyè láti ọdún 1920, wọ́n kọ̀wé sí ajẹ́lẹ̀, wọ́n rán aṣojú. Ohun tí wọ́n béèrè kò fara sin: kí a mú owó orí kúrò lórí obìnrin, kí a yẹ ìwé ìṣirò owó ìlú wò, kí obìnrin sì wọ ìgbìmọ̀. Ní ọdún 1947, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC rán aṣojú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Fúnmiláyọ̀ nìkan ni obìnrin láàrin wọn. Ó kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn Daily Worker níbẹ̀, ó ṣàlàyé bí ìjọba òyìnbó ti ba ipò obìnrin ilẹ̀ wa jẹ́. Ariwo pọ̀ nílé nítorí rẹ̀, àwọn kan ní ó ti tú àṣírí ìlú. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dà á. Wọ́n ní ohun tí ó sọ, ara àwọn ni ó ti ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí kò sí èsì gidi, wọ́n dìde. Àwọn aláṣẹ kò fún wọn ní ìwé àṣẹ láti wọ́de. Wọ́n ní kò burú, wọ́n pe ìjáde wọn ní ọdún àti àríyá, nítorí kò sí ẹni tí í gba àṣẹ kí ó tó ṣe ọdún. Fúnmiláyọ̀ kọ́ wọn bí a ti í fi aṣọ bo ojú, imú àti ẹnu bí ọlọ́pàá bá yin gáàsì tajútajú. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 1947, nǹkan bí 10,000 obìnrin yí Ààfin Aké po, wọ́n sùn síbẹ̀. Wọ́n tún padà wá láti ọjọ́ 8 sí ọjọ́ 10, oṣù kejìlá. Wọ́n ní àwọn kò ní kúrò títí a ó fi dá àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a ti mú sílẹ̀, wọn kò sì kúrò títí a fi dá wọn sílẹ̀.

Orin ni ohun ìjà wọn. Láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé ni Yorùbá ti ń fi orin bá ẹni tí ó ṣìnà wí, tí a ń fi òwe sínú orin kí ẹni tí a bá wí lè mọ ara rẹ̀. Àwọn obìnrin náà kọrin lọ́sàn-án, wọ́n kọ ọ́ lóru. Wọ́n kọ orin tí ó dùn, wọ́n kọ èyí tí ó korò tí etí kò fẹ́ gbọ́. Ọba tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò gba ìwé ẹ̀sùn kò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ orin.

Ìtàn kan tí a ń sọ ní Abẹ́òkúta ni pé a fi Orò dẹ́rù bà wọ́n kí wọ́n lè tú ká, àti pé Fúnmiláyọ̀ gba ọ̀pá Orò mọ́ ọlọ́pàá Orò lọ́wọ́. Àwọn kan ń sọ ìtàn yìí láti fi hàn pé kò ka àṣà sí. Ẹni tí ó bá ronú dáadáa yóò wò ó lọ́nà mìíràn. Àwọn àgbà dá Orò sílẹ̀ láti lé ibi kúrò nínú ìlú àti láti ṣe ìdájọ́ ọ̀ràn ńlá. Wọn kò dá a sílẹ̀ láti máa ṣọ́ àpótí owó orí tí òyìnbó gbé kalẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ohun ọ̀wọ̀ ṣe ẹ̀ṣọ́ fún ìrẹ́jẹ ni ó kọ́kọ́ tàbùkù sí i.

Àwọn Ògbóni gan-an kò pẹ́ kí wọ́n tó kẹ̀yìn sí Aláké, nítorí agbára tiwọn náà ni ìjọba tuntun ti gbà. Ní ọdún 1948 a dá owó orí àwọn obìnrin dúró. Ní ọjọ́ 29, oṣù keje, ọdún náà, Aláké fi ìlú sílẹ̀, ó lọ sí Òṣogbo. Ní ọjọ́ 3, oṣù kìíní, ọdún 1949, ó kọ̀wé pé òun fi oyè sílẹ̀. Obìnrin mẹ́rin wọ ìgbìmọ̀ tí a gbé kalẹ̀ láti tọ́jú ìlú, Fúnmiláyọ̀ sì wà lára wọn. Àga tí a ti gbà lọ́wọ́ Ìyálóde padà dé, a sì fi mẹ́ta kún un.

Ó tọ́ kí a ṣe ìdájọ́ òdodo fún ọba náà. Òyìnbó ni ó gbé àṣẹ tí kò sí nínú àṣà lé e lórí, òyìnbó náà ni ó ń béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1950 ó padà sí orí oyè, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi wàjà ní ọdún 1962. Kò sí ẹni tí ó tún rò pé a lè ṣe àkóso Abẹ́òkúta bí ẹni pé obìnrin kò sí níbẹ̀.

LẸ́YÌN ÌṢẸ́GUN

Láti ilé ni iṣẹ́ náà ti tàn kálẹ̀. Ní ọdún 1949 ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Nàìjíríà, ó sì ní ẹ̀ka ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ní ọdún 1953 àwọn ẹgbẹ́ obìnrin láti apá púpọ̀ ní Nàìjíríà pàdé ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì dá àpapọ̀ ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, láti máa béèrè pé kí obìnrin gbogbo ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Fúnmiláyọ̀ rin ìrìn àjò dé ilẹ̀ púpọ̀. Ní ọdún 1956 ó dé Ṣáínà, ọdún kejì sì ni ìjọba kọ̀ láti tún ìwé ìrìnnà rẹ̀ ṣe, wọ́n ní ó ti di ọ̀rẹ́ àwọn Kọ́múníìsì. Yunifásítì Ìbàdàn fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá ní ọdún 1968, Rọ́ṣíà sì fún un ní Ẹ̀bùn Àlàáfíà Lenin ní ọdún 1970.

Gbogbo ọ̀nà rẹ̀ kọ́ ni ó tẹ́jú. Ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún 1955, ó sì pàdánù ẹni tí ó ń fi ẹ̀yìn tì. Ní ọdún 1959, nígbà tí ẹgbẹ́ NCNC kò fà á kalẹ̀ fún ìbò, ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀ sílẹ̀, kò sì wọlé. Ẹgbẹ́ obìnrin náà ń rẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ipò olórí wà fún ọdún púpọ̀, bí ara rẹ̀ sì ti ń rẹ̀, kò sí ẹlòmíràn tí a ti tọ́ dàgbà tó láti gba ẹrù náà. Àwọn àgbà ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Lísàbí pàápàá, ìtàn kò pe ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹgbẹ́ alóko kan.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ó pa Ransome tì, ó di Aníkúlápó-Kútì pẹ̀lú Fẹlá ọmọ rẹ̀. Ilé Fẹlá ní Èkó, tí a ń pè ní Kàlàkútà, ni ó wà ní ọjọ́ 18, oṣù kejì, ọdún 1977, nígbà tí àwọn sójà ya wọ ibẹ̀. Wọ́n ju ìyá arúgbó náà láti ojú fèrèsé òkè ilé. Ara rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò mọ́. Ó dolóògbé ní Èkó ní ọjọ́ 13, oṣù kẹrin, ọdún 1978. Ní ọjọ́ 5, oṣù karùn-ún, a sin ín sí Abẹ́òkúta. Lọ́jọ́ náà, ọjà ti pa, ìsọ̀ sì ti pa. Àwọn tí ó ti dúró tì nígbà tí akódà ń lé wọn kiri ni ó wá dúró tì í. Wọ́n san àáró náà dé ojú ọ̀nà ibojì.

OHUN TÍ Ó KÙ

Ilé ìtọ́jú ìyá àti ọmọ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ní Abẹ́òkúta kò kú sí ibẹ̀. Olíkóyè, ọmọ rẹ̀ àgbà ọkùnrin, kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn àwọn ọmọdé. Ọdún 1985 ni ó di mínísítà ìlera Nàìjíríà, ó sì wà níbẹ̀ di ọdún 1992. Ìlera alábọ́ọ́dé tí ó gbé kiri ìgbèríko, abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ àti omi iyọ̀-òun-ṣúgà tí àwọn ìyá ń pò fún ọmọ tí ń yàgbẹ́ gbuuru, ọ̀nà kan náà ni: kí a gbé ìtọ́jú lọ bá ìyá níbi tí ó wà. Àwọn ìwé Fúnmiláyọ̀ fúnra rẹ̀ wà ní ilé-ìkàwé Kenneth Dike ní Yunifásítì Ìbàdàn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń wá ìtàn ẹgbẹ́ náà kò ní pa òfo dé ibẹ̀.

Ẹgbẹ́ pọ̀ láàrin àwọn obìnrin wa títí di òní. A ń dá aṣọ, a ń ṣe ìpàdé, a ń náwó níbi òkú àti ìkómọ. Kò sí aburú nínú rẹ̀, ìdùnnú pẹ̀lú jẹ́ ara àṣà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí aṣọ nìkan so pọ̀ kò lè dúró lọ́jọ́ tí aṣọ bá gbó. Ó yẹ kí olùkọ́ bi àwọn ọmọ rẹ̀, kí àgbà sì bi ẹgbẹ́ tirẹ̀: ta ni a ti kọ́ ní ìwé, ta ni a ti gbà lọ́wọ́ ìyà, ọmọ ta ni ó yè nítorí pé a wà? Ìbéèrè obìnrin ọlọ́jà kan ní ọdún 1944 kò ju ìwé kíkà lọ. Nítorí pé a dá a lóhùn, ìlú kan yí padà láàrin ọdún márùn-ún.